Wọ́n Ń Rọra Lẹ́nu Ọ̀nà Iginia

Kí Iginia Ballarin tó fi kọfí kan ẹnu láàárọ̀, ó ti kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ lọ kó ìgbẹ́. Mi ò parọ́ mọ́ ọn. Yàrá ìsàlẹ̀ ilé wọn, níbi tí bàbá rẹ̀ ń kó igi ìdáná sí láyé ọjọ́un, ẹnu omi ló wà, omi odò sì ti rí ihò gbà wọlé lára ògiri. Ohunkóhun tí àwa ará Fẹ́nísì, ìlú tí odò ni títì rẹ̀, bá dà sódò, díẹ̀ nínú rẹ̀ á bá a nílé: ẹrẹ̀ dúdú, ewé omi tó ń yọ̀, ọ̀rá, àti àwọn nǹkan tí mi ò ní dárúkọ torí ẹlòmíì lè máa jẹun lọ́wọ́. Iginia á fi ṣọ́bìrì kó o, á pòṣé, á da omi gbígbóná sí i, á tún pòṣé. Eku ńlá kan sì máa ń jókòó sórí àtẹ̀gùn, á máa wò ó bíi pé òun ló ni ilé.

Omi kọ́ ló jẹ̀bi o. Omi ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí baba ńlá ẹnikẹ́ni nínú wa, ó sì ń ṣe jẹ́jẹ́ rẹ̀. Àwọn onítasí omi ni. Odò tóóró tó gba iwájú ilé Iginia, bí ọkọ̀ méjì bá pàdé níbẹ̀, wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ ha ara wọn lára, ṣùgbọ́n òun ni ọ̀nà àbùjá sí òtẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́yìn afárá. Bí wọ́n bá ti gbé àlejò ní pápákọ̀ òfurufú, wọ́n á ki eré mọ́lẹ̀, ìgbì á dìde lẹ́yìn wọn, á lọ forí sọ ògiri. Bíríkì ìdí ilé náà ti jẹ bí eyín arúgbó. Bíríkìlà tó wá wò ó kò fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ó ní bí ìgbì yìí kò bá dáwọ́ dúró, ògiri náà á là, ìjọba á sì ní kí wọ́n kó jáde. Kíkó jáde, Mestre ni, lórí ilẹ̀, níbi tí gbogbo ẹni tí ìlú wa bá bì jáde ń lọ gbé. Yàrá òkè ilé yẹn ni wọ́n bí Iginia sí, ó sì ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ó ní ìgbà tí òun bá kú ni wọ́n á gbé òun kúrò níbẹ̀.

Nerina ló ń gbé ilé tó tẹ̀ lé e, ògiri kan náà ló pa ilé méjèèjì pọ̀. Wọ́n jọ kàwé, wọ́n jọ gba ara Olúwa àkọ́kọ́, wọ́n sì jọ kórìíra onítasí. Bí wọ́n bá ti gbúròó ẹ́ńjìnnì, ojú fèrèsé ni wọ́n á ti pàdé.

"Ìgbẹ́ ń bọ̀ o," Nerina á wí.

"Ta ló gbé?"

"Ó gbé ìyàwó tuntun kan. Ó ń ya fọ́tò rẹ."

"Jẹ́ n yí ìdí sí i, kó lè yà á dáadáa."

Nerina á wá da omi tó fi fọ ẹja sórí àga aláwọ funfun inú ọkọ̀ náà. Ọwọ́ rẹ̀ kì í tàsé. Onítasí á bú u, òun náà á bú onítasí, gbogbo àdúgbò á gbádùn ara wọn.

Ohun tó ń kó àwọn obìnrin méjèèjì nírìíra jù ni pé àwọn oníranù yẹn mọ ọkọ̀ọ́ rọra wà. Wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa. Bí wọ́n bá dé iwájú ilé ìyá wọn, tàbí ilé àǹtí wọn, tàbí ilé àna wọn, wọ́n á dín eré kù, ọkọ̀ á máa lọ bí aboyún. Bí wọ́n bá kọjá ibẹ̀ tán, wọ́n á wá sá eré àsáléwájú láti fi dí àkókò tí wọ́n pàdánù. Wọ́n sì ń ṣe é fún ara wọn: ilé ìyá Ottorino, gbogbo wọn ló ń rọra níbẹ̀, torí Ottorino náà ń rọra nílé tiwọn. Èèyàn lè dúró lórí afárá kó sì mọ ìdílé tó ní onítasí àti ìdílé tí kò ní. Bàbá Iginia, gíláàsì ló ń fi ẹnu fọn ní erékùṣù Murano. Bàbá Nerina, búrẹ́dì ló ń yan. Kò sẹ́ni tó máa rọra fún irú wọn.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti lọ́jú pọ̀. Òtẹ́ẹ̀lì tí àwọn tasí yẹn ń lọ gan-an ni Iginia ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń dáhùn fóònù. Kò sí àlejò tí kì í béèrè ọkọ̀ tí òun máa wọ̀ débẹ̀, ẹnu Iginia sì ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ.

"A fẹ́ràn ìlú yín gan-an, mà," ọkùnrin kan wí fún un lọ́jọ́ kan. "A gbọ́ pé ẹlẹgẹ́ ni. A ò fẹ́ ba nǹkan kan jẹ́."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ wọ ọkọ̀ èrò ńlá. Ẹ sọ̀kalẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, kẹ́ ẹ wá fẹsẹ̀ rìn díẹ̀."

"Ṣé kò sí tasí tó lè gbé wa dẹ́nu ọ̀nà yín gan-an? Báàgì ìyàwó mi pọ̀."

"Omi ti kún, sà. Tasí ò lè gba abẹ́ afárá kọjá."

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa dé."

"Á ṣì kún nígbà yẹn."

Iginia gbé fóònù kalẹ̀, ó ṣe ṣíọ̀. Ìfẹ́ tí àwọn èèyàn yìí ní sí ìlú wa máa ń kó o nírìíra. Ìfẹ́ tí kò lè gbé báàgì gun afárá. Signor Codognotto tó ni òtẹ́ẹ̀lì ń gbọ́ gbogbo irọ́ yìí, ó sì ń fajú ro, ṣùgbọ́n kò rí ẹlòmíì tó lè bá àlejò sọ̀rọ̀ tó o, ló fi ń wò ó níran.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Iginia bí, Marilisa, ó ń ta oògùn. Ọjọ́ Ìsinmi kan ni ọmọbìnrin yìí mú ọkùnrin kan wá jẹun nílé, Ermes lorúkọ rẹ̀. Ermes wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó fi dígí dúdú há orí, ó kó fóònù méjì lé orí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ búrẹ́dì. Ara rẹ̀ ń rùn, ó pa òórùn dísẹ́ẹ̀lì àti lọ́fínńdà pọ̀.

"Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?" Iginia bi í, bíi pé imú rẹ̀ ò tíì sọ fún un.

"Tasí omi ni, siora," Ermes wí. Siora la fi ń pe obìnrin tá a bá ń bọ̀wọ̀ fún.

Iginia gbé ṣíbí sílẹ̀, ó pe ọmọ rẹ̀ wọ ilé ìdáná.

"Marilisa, kí ni mo fi ṣe ẹ́? Kò sí olè tó o lè fẹ́ ni?"

"Èèyàn dáadáa ni, Màmá."

"Òun ni ohun tí mò ń fi ṣọ́bìrì kó láràárọ̀. O wá ní kí n fi í jókòó sórí àga bàbá mi. Kò ní ṣojú mi o."

Ermes gbọ́, torí ilé náà kò fẹ̀. Ó jẹun tán, ó dúpẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kejì, Iginia mú ṣọ́bìrì sọ̀kalẹ̀, kò rí nǹkan kó. Ilẹ̀ tutù lásán. Ó ṣílẹ̀kùn ẹnu omi, ó yọjú. Tasí kan ń bọ̀ pẹ̀lú ariwo. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ariwo náà rọlẹ̀, ọkọ̀ náà sì kọjá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń gba iwájú ilé olókùú lọ.

"Ẹ káàárọ̀, siora," onítasí náà kí i.

Nerina yọrí lójú fèrèsé tirẹ̀. "Kí ló ṣe ìyẹn? Àbí ara rẹ̀ ò yá?"

"Bóyá ọlọ́pàá wà nítòsí."

Òmíràn tún dé, òun náà rọra. Ottorino ló wá tú àṣírí ọ̀rọ̀. Bó ṣe ń rọra kọjá, ó juwọ́, ó ní, "Ẹ bá wa kí Ermes o." Ìgbà yẹn ló yé Iginia pé wọ́n ti kà á mọ́ àna. Ó kó o nírìíra, inú rẹ̀ sì dùn, kò mọ èyí tí ì bá kọ́kọ́ ṣe nínú kó tutọ́ àti kó rẹ́rìn-ín. Ó padà wọlé, ó fọwọ́ kan ògiri. Nígbà tí oṣù fi máa parí, ó ti ní kí Ermes máa wá jẹun ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, ó sì ti gbà kí wọ́n fẹ́ra. Kò sọ ìdí, Marilisa náà kò béèrè.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí àwọn tasí bá ti rọra kọjá lẹ́nu ọ̀nà Iginia tán, ibi tí wọ́n ti ń ki eré mọ́lẹ̀ padà, iwájú ilé Nerina ni. Ìgbì tí wọ́n dá sí fún ilé àkọ́kọ́, ilé kejì ni wọ́n ń tú u sí.

"Iginia, bá mi bá ọmọ yẹn sọ̀rọ̀," Nerina wí. "Kí wọ́n kọjá tèmi náà kí wọ́n tó sáré. Ilé kan péré ni."

"Ìyẹn náà tún gba ẹ̀bẹ̀? Kà á sí èyí tó ti tán."

"Eku rẹ ti kó wá sọ́dọ̀ mi o."

"Bá mi kí i."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, Iginia gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ nídìí oúnjẹ.

"Siora Iginia, ojúure ni wọ́n ń ṣe fún mi," Ermes wí. "Ẹ jẹ́ kó mọ níbẹ̀. Bí a bá rọra fún Nerina, ẹni tó kàn á ní tòun dà. Ká kúkú máa fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ nígbà yẹn."

"Ògiri kan náà ni, Ermes."

"Kì í ṣe ẹnu ọ̀nà kan náà." Ó fi èékánná yọ egungun ẹja nínú eyín, ó wò ó, ó fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́. "Ọ̀rọ̀ kan tún wà. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń kùn. Wọ́n ní ẹ̀yin tí àwọn ń rọra fún lẹ tún ń sọ fún àlejò pé omi kún. Wọ́n ní ṣé bí àna ṣe ń ṣe nìyẹn. Mo ti ń bá yín bẹ̀ wọ́n, àmọ́ mi ò mọ bí wọ́n ṣe máa gbà á pẹ́ tó."

Marilisa tẹjú mọ́ abọ́ rẹ̀. Iginia wo egungun ẹja yẹn, ara rẹ̀ bù máṣọ. Ó yẹ kó lé ọkùnrin náà jáde. Lójú tèmi, ó yẹ kó lé e, kó da omi ẹja tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n kò kó ìgbẹ́ láàárọ̀ mọ́, ìyẹn sì ti mọ́ ọn lára. Ó dìde, ó lọ gbé wáìnì wá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ojú Nerina ló ṣe. Àwọn méjèèjì máa ń ra ẹja pọ̀ ni, kí wọ́n tó pín in. Nerina wá gbé ìpín Iginia wá bá a ní òtẹ́ẹ̀lì láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bá a níbi tó ti kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà, tó ń dáhùn fóònù.

"Tasí omi ni, mà," Iginia ń wí. "Òun ló dáa jù. Á gbé yín dé ẹnu ọ̀nà wa gan-an, ẹ ò ní gun afárá kankan. Rárá o, kì í ba nǹkan kan jẹ́. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Ìlú yìí ò ní wó nítorí yín."

Ó gbé fóònù kalẹ̀, ó yíjú. Nerina gbé ẹja náà lé orí tábìlì, omi ń kán látinú rẹ̀ sórí aṣọ funfun tí wọ́n tẹ́.

"Nerina, jẹ́ n ṣàlàyé."

"O ti ṣàlàyé fún un. Mo gbọ́."

Láti ọjọ́ náà, fèrèsé Nerina kò ṣí mọ́ bí tasí bá ń kọjá. Wọ́n ń pàdé lórí afárá, wọ́n ń kí ara wọn, ó sì ń mọ síbẹ̀. Òwúrọ̀ kan tí omi fà gan-an, tí ẹrẹ̀ yọ síta tí ìlú ń rùn bí ikùn òkú ajá, àtẹ̀gùn ẹnu omi ilé Nerina ya sódò, ògiri ìsàlẹ̀ sì là láti ilẹ̀ dé ojú fèrèsé. Ibi tí ẹnu ọ̀nà Iginia ti bẹ̀rẹ̀ ni ìlà náà dúró sí. Àwọn panápaná dé, wọ́n wò ó, wọ́n ní kí obìnrin náà kó jáde. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó wà ní Mestre ló ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun.

Ọjọ́ Ìsinmi ni ọkọ̀ akẹ́rù dé. Iginia ti gbé oúnjẹ síwájú Ermes àti Marilisa, ó sì sọ̀kalẹ̀, ó ká apá aṣọ sókè. Bẹ́ẹ̀dì Nerina ti wà nínú ọkọ̀, àti àga, àti ìkòkò tó fi ń ro polenta, túwó àgbàdo wa. Iginia bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé àpótí kan.

"Ẹ ṣeun, siora," Nerina wí. "Ẹ fi sílẹ̀. Ẹ má da ara yín láàmú."

Iginia wẹ̀yìn, bóyá àgbàlagbà kan ló dúró níbẹ̀. Kò rí ẹnikẹ́ni.

"Nerina, èmi ni."

"Mo mọ̀ yín," Nerina wí. Ó gba àpótí lọ́wọ́ rẹ̀, ó wọnú ọkọ̀, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó kọjú sí ibi tí wọ́n ń lọ.

Iginia gun òkè padà. Ermes ti jẹ ẹja tán, ó ń fi búrẹ́dì nu òróró inú abọ́, àgbọ̀n rẹ̀ ń dán. Marilisa kò jẹ nǹkan kan.

"Ẹja yìí dùn o, siora," Ermes wí. "Ṣé ó kù?"

Iginia wo àgbọ̀n tó ń dán yẹn.

"Ó kù," ó wí. Ó gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó bù sí i fún un.