Ẹja Inú Ọ̀pọ̀lọ́ Mi

Ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa bí a ṣe ń ya àwọn ẹranko tó jọra sọ́tọ̀ kún fún salamáńdà, nǹkan kan tó dà bí alángbá inú omi, tí ẹnikẹ́ni ò rí rí láti àdúgbò Ṣàngó títí dé Challenge nílùú wa. Ọ̀pọ̀lọ́ ni Ọlọ́run fún àwa. Mo ní ọ̀pọ̀lọ́ àdúgbò Àpáta àti ti Agbowó kì í ṣe ẹ̀yà kan náà, torí igbe wọn yàtọ̀. Ọ̀gá tó ń tọ́ mi sọ́nà ní òun ti ń wo ọ̀pọ̀lọ́ kí wọ́n tó bí mi, pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Mo yínmú. Ta ló ń fi ojú lásán mọ ìdílé? DNA, àbùdá tó wà nínú ẹran ara wọn, ni yóò dájọ́, ìdájọ́ yẹn sì ni oyè ọ̀mọ̀wé mi rọ̀ mọ́.

Mo gé ìka ẹsẹ̀ àwọn ọ̀pọ̀lọ́ náà bíńtín, mo dì í sínú ọ̀rá, mo kó o sí fìrísà ilé àyẹ̀wò aládàáni kan ní Ring Road. Jẹnẹrétọ̀ ló ń gbé fìrísà náà, nítorí náà gbogbo ẹni tí kò níná nílé ti sọ ọ́ di ilé ìdáná. Màmá tó ń gbálẹ̀ ibẹ̀ ni olórí wọn. Ẹja Kóòtè wọn kì í kúrò lórí ọ̀rá mi. Lọ́jọ́ kan, níṣojú àwọn aláìsàn tó wá ṣàyẹ̀wò, mo ní, "Màmá, ibi ìmọ̀ nibí, kì í ṣe ìsọ̀ ẹlẹ́ja."

"Ẹ má bínú, dókítà," ni wọ́n wí. Wọ́n kó ẹja wọn lọ, wọn ò sì gbé e wá mọ́.

Nígbà tí èsì àwọn ìka tí mo fi ránṣẹ́ dé láti òkè òkun, ó ní mẹ́fà nínú ọ̀pọ̀lọ́ Àpáta jẹ́ ẹja. Mo gbé ìwé náà tọ Màmá lọ níbi tí wọ́n ti ń gbálẹ̀. Mo ní ẹja wọn ti ba ayé mi jẹ́.

"Ẹja wo ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

Mi ò tíì wò ó. Mo wá orúkọ gígùn náà lórí fóònù. Títù ni.

"Èmi kì í jẹ Títù, ó máa ń yún mi lára. Kóòtè ni tèmi."

Mo wá rántí. Lẹ́yìn tí mo lé ẹja Màmá, iná lọ nílé mi ní Agbowó fún ọjọ́ mẹ́ta, mo sì gbé Títù tí mo rà ní ọjà Bódìjà wá sínú fìrísà yẹn. Mo sọ lọ́kàn mi pé ẹni tó mọ iyì DNA mọ ibi tó yẹ kó gbé ẹja sí. Jẹnẹrétọ̀ kọṣẹ́ lópin ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹja yọ́, omi rẹ̀ ṣàn sórí ọ̀rá mi, ó sì ti ní láti wọ inú mẹ́fà nínú wọn. Mo nù ún, mo sì gbàgbé.

Ojú tì mí débi pé mi ò lè tọrọ àforíjì. Màmá ní kí n jọ̀ọ́, kí n gbé ẹsẹ̀, kí àwọn lè gbá abẹ́ rẹ̀. Mo gbé e.