Kọ́nà Mẹ́sàn-án Tó Kù

Ọ̀nà tó sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè wá sí ìlú wa ní kọ́nà méjìlélógún. Mo mọ iye rẹ̀ nítorí pé táyà ni iṣẹ́ mi, kọ́nà ló sì ń jẹ táyà. Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí wa bọ́ọ̀sì ní ọ̀nà náà fún ọdún mọ́kàndínlógójì. Jẹ́jẹ́ ni gbogbo gáréèjì ń pè é. Kò sáré rí. Èrò tó bá ń kánjú kì í wọ ọkọ̀ rẹ̀. Aboyún kì í wọ ti ẹlòmíràn.

Èmi ni onítáyà gáréèjì náà. Mo fi ọdún mẹ́ta ju Jẹ́jẹ́ lọ, ìdí nìyẹn tó fi ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n. Ilé wa kọjú síra. Ìyàwó tèmi ti kú. Ìyàwó tirẹ̀ ló ń bu oúnjẹ fún àwa méjèèjì, òun náà ló sì ń bú àwa méjèèjì.

Jẹ́jẹ́ ti pé ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta nígbà tí ọkàn rẹ̀ kọ́kọ́ dà á láàmú. Òwúrọ̀ ni. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, èrò mọ́kànlélọ́gbọ̀n wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní kọ́nà kẹtàlá, àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkìkì, ojú rẹ̀ ń ṣú. Ó yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ó fa búréèkì ọwọ́. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi òkúta há táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Ìgbà tó ṣe gbogbo ìyẹn tán ló tó ṣubú. Kò sí èrò kankan tó fara pa. Awakọ̀ mìíràn ni wọ́n rán lọ wa bọ́ọ̀sì náà wálé.

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ ní kò ní gbé èrò mọ́, àfi tí dókítà bá kọ ìwé pé ọkàn rẹ̀ ti dára. Òfin kejì wà lára ògiri ọ́fíìsì, òjò ti pa ìwé rẹ̀ débi pé ó ṣòroó kà: ẹni tó bá ti pé ọdún márùndínláàádọ́rin kò gbọdọ̀ gbé èrò. Kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Láti ìgbà yẹn, Jẹ́jẹ́ á jí ní aago márùn-ún bíi ti tẹ́lẹ̀. Á wọ ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́, á jókòó sẹ́nu fèrèsé. Tí bọ́ọ̀sì bá ń bọ̀, á ti mọ èyí tó jẹ́ láti inú ìró ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Á ní èyí ń fẹ́ epo, á ní ẹni tó ń wa tọ̀hún ń fi búréèkì ṣeré. Ìyàwó rẹ̀ ní etí ọkọ òun nìkan ló ń lọ síbi iṣẹ́.

Mo sọ fún un pé kó sinmi, pé ọdún mọ́kàndínlógójì tó iṣẹ́. Ó mi orí.

"Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe iṣẹ́ ló ń dùn mí. Mi ò tíì dé ni. Ó ku kọ́nà mẹ́sàn-án."

Mo gbọ́ ọ yé. Ó ti gbéra pẹ̀lú bọ́ọ̀sì kan, bọ́ọ̀sì náà ti dé, òun ṣì wà lórí òkè. Kò béèrè ju ìrìn ẹyọ kan lọ.

Oògùn tí wọ́n kọ́kọ́ fún un kò ràn án. Ọkàn náà ṣì ń já ṣòòrò sínú eré lójijì, nígbà mìíràn lórí àga, nígbà mìíràn nínú balùwẹ̀. Ìgbà náà ni ilé ìwòsàn ńlá fi dókítà kan hàn án, obìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún, ọkàn nìkan ló ń wò. Mo bá Jẹ́jẹ́ lọ. Dókítà ya ọkàn sórí ìwé fún wa. Ó ní ọkàn ní iná tirẹ̀ tó ń sọ fún un ìgbà tó yẹ kó lù. Ó ní nínú ti Jẹ́jẹ́, ibì kan tí kò tó orí ìṣáná ń tan iná tara rẹ̀ láìgba àṣẹ. Wọ́n á ti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà ní itan, wọ́n á tì í títí dé inú ọkàn, wọ́n á fi ooru jó ojú ibẹ̀ pa.

Jẹ́jẹ́ ní ó yé òun, ó ní púlọ́ọ̀gì kan ló ń ṣáná fúnra rẹ̀. Mo rán an létí pé dísẹ̀lì ni bọ́ọ̀sì tirẹ̀ ń lò, kò ní púlọ́ọ̀gì. Ó ní kí n jẹ́ kí dókítà sọ̀rọ̀.

Dókítà ní nǹkan kan wà tí àwọn fẹ́ mọ̀ dájú: fún ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ṣé wáyà dára ju oògùn lọ, àbí ọgbọọgba ni wọ́n. Nítorí náà wọ́n ń ṣe ìwádìí lára ẹgbẹ̀rin ènìyàn. Ìdajì á gba wáyà, ìdajì á gba oògùn tuntun. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣẹ́ kèké, aláìsàn kò ní yàn, dókítà náà kò ní yàn. Ní oṣù kẹta, oṣù kẹfà àti oṣù kejìlá, wọ́n á lẹ àpótí kékeré mọ́ olúkúlùkù láyà fún ọjọ́ méje, tó ń kọ bí ọkàn ṣe ń lù sílẹ̀ tọ̀sán tòru. Jẹ́jẹ́ béèrè ohun kan péré: tí àpótí kò bá rí nǹkan kan, ṣé wọ́n á kọ ìwé fún òun? Dókítà ní tí ọdún kan bá pé tí kò sí nǹkan, òun á kọ ọ́. Jẹ́jẹ́ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù.

Kèké mú wáyà fún un. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é, èmi àti ìyàwó rẹ̀ jókòó sí ìta fún wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tó jáde, ó ní òun kò mọ nǹkan kan lára àfi ìgbóná díẹ̀, bíi ti ẹni tó mu tíì gbígbóná lójijì.

Àpótí oṣù kẹta mọ́. Ti oṣù kẹfà mọ́. Jẹ́jẹ́ ra bàtà tuntun tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́lẹ́, irú èyí tí awakọ̀ fi ń mọ ẹsẹ̀ búréèkì dáadáa. Kò wọ̀ ọ́. Ó gbé e sábẹ́ ibùsùn.

Kí n tó máa bá a lọ, ó yẹ kí n sọ bí a ṣe ń ṣe ní gáréèjì. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ni àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò máa ń wá. Tí táyà bọ́ọ̀sì kan bá ti dán, tí tuntun kò sì tíì dé, a ó yọ táyà lára bọ́ọ̀sì tó yege láàárọ̀, a ó dè é mọ́ èyí tí wọ́n fẹ́ wò lọ́sàn-án. Tí wọ́n bá lọ tán, a ó dá a padà. Èmi ni mò ń tú u, èmi ni mò ń dè é, fún ọgbọ̀n ọdún. A kì í pè é ní irọ́. Yíyá là ń pè é.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ lẹ àpótí oṣù kejìlá, Jẹ́jẹ́ ń gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì fò lẹ́ẹ̀kan, bí ìgbà tí táyà bọ́ sínú kòtò tó sì jáde. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Kò sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ó gba àpótí náà láyà ní ilé ìwòsàn, ó sì gba ọ̀dọ̀ mi wá tààrà. Mo ń lẹ túùbù lọ́wọ́. Ó ti ilẹ̀kùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti ṣàìsàn ọkàn rí?"

Mo ní rárá. Mi ò tíì sùn sí ilé ìwòsàn rí láyé mi.

"Ẹ bọ́ ẹ̀wù yín. Táyà ni mo fẹ́ yá."

Mo wò ó. Mo mọ̀ pé kò yẹ. Mo tún rántí bàtà tó wà lábẹ́ ibùsùn. Mo bọ́ ẹ̀wù.

Ó fá irun àyà mi pẹ̀lú abẹ tí mo fi ń gé rọ́bà. Ó bọ́ àpótí kúrò láyà ara rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ti fún un ní ìlẹ̀mọ́ mìíràn ní ìpamọ́, òun ló fi lẹ àpótí náà mọ́ mi, ó sì lẹ̀ ẹ́ tọ́. Fún ọjọ́ méje gbáko ló ń tọ́jú mi bí ẹyin. Kò jẹ́ kí n gbé jáàkì. Ó ń bi mí bóyá mo sùn dáadáa. Ìyàwó rẹ̀ rí i pé mo fá àyà mi, ó béèrè ìyàwó wo ni mò ń múra dè. Mo ní ooru ló mú mi. Ó ní ooru ọjọ́ orí.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjìlá tó dá àpótí padà, wọ́n pè é. Àwa méjèèjì la lọ. Ó wọ bàtà tuntun náà.

Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹ́ ìwé gígùn kan sórí tábìlì, ìlà dúdú ń gòkè, ó ń sọ̀ lórí rẹ̀. Ó ní àpótí rí ìdàrúdàpọ̀ ọkàn ní ìgbà mẹ́rìnlá láàárín ọjọ́ méje, èyí tó pẹ́ jù tó wákàtí mẹ́fà. Ó ní irú èyí lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú ọkàn, kó lọ dí ọpọlọ, kí apá àti ẹsẹ̀ rọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Oògùn gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ lónìí, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n tún ti wáyà sí i. Kò sọ̀rọ̀ ìwé tí Jẹ́jẹ́ ń retí. Kò sídìí fún un.

Mo ń wo ìlà náà. Tèmi ni. Tí Jẹ́jẹ́ bá dákẹ́, tó ní òun ń lọ rò ó, ó ṣì lè wá ọ̀nà mìíràn sí ìwé rẹ̀. Ìgbà tó fi ronú rẹ̀ kò tó èyí tí mo fi ń kọ ọ́ yìí.

"Dókítà," ó ní, "ọkàn ẹ̀gbọ́n mi lẹ ń kà yẹn. Ẹ tètè bá mi tọ́jú wọn."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, táyà, abẹ, ìlẹ̀mọ́. Dókítà gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó wo àyà mi, ó wo ti Jẹ́jẹ́. Mo rò pé á rẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, tí n bá kọ èyí sílẹ̀ lórúkọ yín, ìwádìí á ní wáyà ò ṣiṣẹ́ lára yín. Ẹnì kan tẹ́ ò mọ̀ rí, tí wáyà lè wò sàn, wọ́n á ní kó má ṣe é."

Jẹ́jẹ́ ní òun kò rò ó bẹ́ẹ̀. Ó ní ní gáréèjì, bọ́ọ̀sì tí wọ́n bá yá táyà fún nìkan lọ̀rọ̀ kàn. Dókítà ní òun mọ̀.

Èmi bẹ̀rẹ̀ oògùn lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta wọ́n fi wáyà jó tèmi náà. Mo béèrè bóyá wọ́n á kọ mí sínú ìwádìí. Dókítà ní kí n má tilẹ̀ sún mọ́ ọn. Ìgbà yẹn ló tó rẹ́rìn-ín.

Ní ti Jẹ́jẹ́, dókítà kò lè lẹ àpótí mìíràn mọ́ ọn láìjẹ́ pé ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ ìwádìí gbà. Lọ́jọ́ tí a jẹ́wọ́, ó ku ọjọ́ mọ́kànlélọ́gọ́ta kó pé ọdún márùndínláàádọ́rin. Ìwé ìgbìmọ̀ gba ọjọ́ méjìléláàádọ́ta. Àpótí gba méje. Kíka rẹ̀ gba mẹ́jọ. Ẹ bá mi rò ó: ó fi ọjọ́ mẹ́fà pẹ́.

Àpótí náà mọ́ tónítóní. Ọkàn rẹ̀ tún fò lẹ́ẹ̀mejì, ó tẹ bọ́tìnnì ara àpótí, ìwé sì fi hàn pé ìlù kékeré kan ló yá jù, irú èyí tí gbogbo ènìyàn ń ní. Ti orí àtẹ̀gùn ìjọ́sí náà kì í ṣe nǹkan mìíràn, bí dókítà ṣe sọ. Ká ní ó gbé àpótí sí àyà ara rẹ̀ ni, ì bá ti wa bọ́ọ̀sì fún nǹkan bí oṣù méjì.

Dókítà kọ ìwé náà, ó ní ọkàn rẹ̀ dára fún wíwakọ̀. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ kà á, ó bá a yọ̀, ó sì nawọ́ sí òfin kejì lára ògiri. Jẹ́jẹ́ fi ìwé sínú ọ̀rá, ó fi í sápò àyà ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ló wà títí di òní. Kò bá mi jà. Mo fẹ́ kó bá mi jà.

Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, mo fi tipátipá mú un ká lọ sórí òkè ká sì bá bọ́ọ̀sì padà. Obìnrin kan tí Jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀ kọ́ ní ọkọ̀ ní ọdún méjìlá sẹ́yìn ló ń wà á. Ọ̀gá ni obìnrin náà ń pe Jẹ́jẹ́. Ó fi àga iwájú sílẹ̀ fún wa. Èrò mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló wà lẹ́yìn.

Ní kọ́nà kẹtàlá, obìnrin náà yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ó ní òun fẹ́ yẹ táyà wò. Èmi ni mo de táyà wọ̀nyẹn lánàá, kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Kò pa ẹ́ńjìnnì. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ sẹ́yìn bọ́ọ̀sì, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń wo òkè. Àga awakọ̀ ṣófo.

Jẹ́jẹ́ wò ó. Ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn àga náà. Mo rí bí ìka rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì. Mo wo aago mi, ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Ó mú ọwọ́ kúrò.

"Mi ò yá nǹkan mọ́, ẹ̀gbọ́n."

Obìnrin náà padà, ó wo ojú rẹ̀, ó jókòó sí àyè rẹ̀. Ó fi jíà sí i, a tún ń sọ̀ kalẹ̀. Mo ń wo ẹsẹ̀ Jẹ́jẹ́. Ní gbogbo kọ́nà, bàtà fẹ́lẹ́ náà ń tẹ pákó ilẹ̀ ọkọ̀, kò yá jù, kò pẹ́ jù. Mo kà á, mẹ́sàn-án. Nígbà tí a dé gáréèjì, ọwọ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ itan, ó fa búréèkì tí kò sí níbẹ̀.

Mo bi í bóyá ó ti wá dé báyìí.

Ó ní bọ́ọ̀sì ti dé.