Àlá tí Agnes rọ́ fún Joanna

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó máa gbẹ̀san, ẹ má lọ bá Agnes. Èmi ni kẹ́ ẹ wá, torí inú mi kì í tètè rọ̀. Tíṣà làwa méjèèjì. Ìjọba gbé wa láti Ìkàrẹ́ wá sí Àgọ́ Aláayè lọ́dún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, a sì jọ ń gbé yàrá kan. Agnes a máa lálàá, àlá rẹ̀ a sì máa ṣẹ. Bó bá jí láàárọ̀, tí kùrukùru ṣì bo oko kòkó, ojú rẹ̀ a dà bíi pé kò tíì dé tán.

Benson, akọ̀wé káńsù kan ní Ọ̀rẹ̀, ló fẹ́ fẹ́ ẹ. Nínú ìjọ Aládùúrà wa, ẹni tí a bá fi nǹkan hàn gbọ́dọ̀ sọ ọ́, ẹnikẹ́ni kì í sì í já a níyàn. Ni Ìyá Joanna, ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ, bá dìde lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ó ní òun rí Agnes nínú aṣọ pupa létí odò, pé bí Benson bá fẹ́ ẹ, ọkùnrin náà yóò kú. Benson sá. Kó tó pé oṣù mẹ́ta, ọmọ àbúrò Ìyá Joanna ló gbé níyàwó. Ẹ gbà mí! Agnes sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, Agnes ń kọ́ kíláàsì kẹfà ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, "hit back". Ó ní, "Ẹnì kan nà ọ́, ìwọ náà wá dá a padà fún un."

Ọmọbìnrin kan bi í pé, "Tíṣà, ṣé dandan ni kó jẹ́ lọ́jọ́ kan náà?"

Agnes wo ojú fèrèsé, ó wá yíjú sí pátákó.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n kéde ìgbéyàwó Joanna. Wọ́n ní kí ẹni tí a bá fi nǹkan hàn sọ ọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi. Mo ní, "Agnes, ó ti bọ́ sí ẹ lọ́wọ́! Aṣọ pupa yẹn náà ni kó o rọ́ fún wọn, kó o fi pósí kún un." Ó kàn rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó dọjọ́ náà, èéfín tùràrí gba gbogbo inú ìjọ, àbẹ́là ń jó, oorun ń kun wa. Agnes dìde. Ìyá Joanna di ọmọ rẹ̀ mú.

Agnes ní, "Mo rí Joanna nínú omi tó mọ́ gaara, aṣọ funfun ló wọ̀. Ó pọn ọmọ kan, òmíràn di ìró rẹ̀ mú. Ọkọ rẹ̀ ń pè wọ́n wá sílé."

Ìjọ hó yèè! Ìyá Joanna wólẹ̀, ó bú sẹ́kún.

Inú bí mi gan-an títí a fi délé. Mo wá ní, "Ó dáa, ṣé o lá àlá yẹn lóòótọ́?"

Agnes bọ́ sùtánà rẹ̀, ó rọra ń ká a. Ó ní, "Rárá. Ìyá Joanna náà ò lá tèmi."