Ọkùnrin Tó Ní Ká Má Kí Ọmọ Ní Pẹ̀lẹ́

Inú mi ṣì ń dùn ṣìnkìn bí mo ṣe ń kọ èyí, àmọ́ kí n má purọ́: mo fura sí ọkùnrin yẹn gan-an.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ibi tí wọ́n ti ń fi bàtà yọ̀ lórí yìnyín sínú gbọ̀ngàn kan ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin. Èmi àti mọ́mì mi mú ọmọ tí ẹ̀gbọ́n mi bí lọ, ọmọbìnrin ọdún mẹ́fà tó wá lo họ́lídè lọ́dọ̀ wa ní Fẹ́sítáàkì. Bàtà ibẹ̀, irin ló wà lábẹ́ ẹ̀, ó mú bí ọ̀bẹ. Ọkùnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀ dé akoto fún wọn lórí, ó fún wọn ní ìbọ̀wọ́, ló bá kọjú sí àwa tá a mú wọn wá.

"Ẹ jọ̀ọ́, bọ́mọ bá ṣubú, kẹ́nikẹ́ni má kí i ní pẹ̀lẹ́ o."

Irú èèyàn wo nìyí? Ẹni tá ò mọ̀ rí kọsẹ̀ ní Mazamaza, a máa kí i ní pẹ̀lẹ́!

"Bọ̀dá, kí ló fà á?" ni mo bi í.

"Àǹtí, tẹ́ ẹ bá ti ní pẹ̀lẹ́, á jókòó síbẹ̀, á máa sunkún. Á tẹ́ ọwọ́ sílẹ̀, irin ẹlòmíì á gorí ìka ẹ̀. Ṣe ni kó di ọwọ́ ní ẹ̀ṣẹ́, kó kúnlẹ̀, kó dìde."

Mọ́mì sọ sí mi létí pé, "Irọ́ ni. Kò fẹ́ ká mọ̀ tọ́mọ bá fara pa ni."

Mo gbà bẹ́ẹ̀. Mo ń ṣọ́ ọ bí ẹní ń ṣọ́ olè. Kí ló dé tó fi kọ́kọ́ ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣubú lórí kápẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó bọ́ sórí yìnyín? Kí ló ń rẹ́rìn-ín sí? Mo tiẹ̀ lọ fọwọ́ kan okùn bàtà ọmọ wa, bóyá kò so ó dáadáa. Ó le dan-in. Ìyẹn tún wá mú mi fura sí i.

Wọ́n bọ́ sórí yìnyín. Kò pẹ́, gbì! Ọmọ wa ṣubú, ó tẹ́ ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sílẹ̀, ọmọbìnrin kan tó jù ú lọ sì ń yọ̀ bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ fììì. Mọ́mì la ẹnu: "Pẹ̀..." Mo fọwọ́ bò wọ́n lẹ́nu! Èmi, mo fọwọ́ bo ìyá mi lẹ́nu ní gbangba!

Ọmọ náà ń wojú wa, ó ń retí. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ló bá di ẹ̀ṣẹ́, ó kó o mọ́ àyà, irin bàtà ọmọbìnrin yẹn sì kọjá gẹ́lẹ́ níbi tí ìka ẹ̀ wà tẹ́lẹ̀!

Yéè! Mo fò sókè, mo ń pariwo, omi ń dà lójú mi. Ọmọ wa kúnlẹ̀, ó dìde, ẹsẹ̀ ẹ̀ ń gbọ̀n bíi ti ọmọ ewúrẹ́ tuntun, ó tún ń lọ!

Mọ́mì gbọn ọwọ́ mi dànù. "Ìwọ, a máa sọ̀rọ̀ nílé." Wọ́n tún wo ọkùnrin yẹn látòkè délẹ̀. "Ọkàn mi ò tíì balẹ̀ sí i o. Lọ bi í, ọjọ́ wo ló tún ń kọ́ wọn?"