Bí A Ṣe Ya Àwòrán Bèbè Odò ní Elelenwo

Mo rántí òórùn amọ̀ tútù tó ń fẹ́ bọ̀ láti odò, lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé Elelenwo. Òjò ọdún tó ṣáájú ti gbé ilé ìdáná ẹnìkan lọ, ni ìjọ wa bá ní kí n lọ kọ́ àwọn ará àdúgbò náà bí a ṣe ń ya àwòrán ibi tí ilẹ̀ ti lè ya lulẹ̀. Awọnlẹ̀ ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé. Bàtà mi ń dán, ẹ̀rọ olówó ńlá wà lọ́wọ́ mi, mo sì gbà pé kò sí ohun tí ilẹ̀ lè fi pa mọ́ fún mi.

Ènìyàn mọ́kànlá ló yọ̀ǹda ara wọn. Bàbá kan wà níbẹ̀ tó ti ṣe birikìlà títí tó fi darúgbó. Ìyàwó wẹ́dà kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n bí sí Diobu tí kò jìnnà síbẹ̀, tí Yorùbá rẹ̀ kì í jáde láìmú Píjìn dání. Mo sọ̀rọ̀ nípa ìdagẹ̀rẹ̀ títí ojú wọn fi ń kún fún oorun. Lẹ́yìn náà ni mo na bébà sílẹ̀, mo fi pupa kun etí odò, mo sì fi àwọ̀ ewé kun òkè níbi tí ilé wẹ́dà wà. Mo ní kò séwu níbẹ̀.

Ìyàwó wẹ́dà nawọ́. "Bọ̀dá, ẹ má bínú o. Ilẹ̀kùn yàrá wa ò tì mọ́. Ọkọ mi ti fá a lẹ́ẹ̀mejì, e still dey hook."

A rẹ́rìn-ín. Bàbá birikìlà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Na the house dey waka," ló wí, ó sì dìde.

A tẹ̀ lé e dé ẹ̀yìn ilé náà. Ó fi ẹsẹ̀ gbá ewé gbígbẹ kúrò, ilẹ̀ sì là gbọọrọ níbẹ̀, ó gba gbogbo àtẹ́lẹwọ́ mi. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Mo fa bébà mi ya.

Láti ọjọ́ kejì, ojúlé dé ojúlé la ń lọ. Ògiri wo ló sán? Níbo ni omi ti ń sun tí kò sun rí? Ìdáhùn wọn la fi ń ya àwòrán tuntun. A ri èèkàn sí ìhà méjèèjì ibi tó là, ìyàwó wẹ́dà sì ń fi téèpù wọn àárín wọn láràárọ̀. Nígbà tí a ní kí wọ́n kó kúrò níbẹ̀, ọkọ rẹ̀ kọ̀, ó ní òun ò ní torí èèkàn kó kúrò nílé tí òun fọwọ́ ara òun kọ́. Obìnrin náà ò bá a jà. Ó fà á lọ́wọ́ lọ síbẹ̀, ó ní kó wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀. Àlàfo náà ti fi ìka méjì fẹ̀ sí i láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù.

Ọjọ́ kẹta tí wọ́n kó lọ sí gbọ̀ngàn ìjọ, òjò rọ̀ láti òwúrọ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, a gbọ́ ìró kan bíi ti tírélà tó ń da yanrìn. Ilé náà ti lọ sódò tòun ti igi máńgòrò ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí ẹyọ ènìyàn kan nínú rẹ̀. Wẹ́dà jókòó sórí ilẹ̀ tútù, ó sunkún bí ọmọdé, ìyàwó rẹ̀ sì dì í mú.

Orí mi ti ń funfun báyìí. Wọn ò tíì mọ odi sí gbogbo bèbè náà tán, ṣùgbọ́n àwọn ará ibẹ̀ mọ ibi tó yẹ kí wọ́n sá fún. Lọ́dún tó kọjá, ìyàwó wẹ́dà ń lọ kọ́ àwọn ará àdúgbò mìíràn ní ohun kan náà, ó ní kí n sin òun lọ. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, mo yọ bírò, mo sì ń kọ ohun tó ń sọ sílẹ̀.