Èdìdì Orí Àpòòwé Ùsáínì

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni Ùsáínì fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò kó tó dé Houston ní Amẹ́ríkà. Láti ọdún mẹ́ta tó ti ń gbé àdúgbò Sharpstown níbẹ̀, ẹrù oníbàárà ló ń fi ọkọ̀ gbé kiri ìlú Katy àti Fulshear nítòsí. Nígbà tí ilé ìwé kan ní Katy wá ní àwọn ń fẹ́ olùkọ́ bíi tirẹ̀, ohun kan ṣoṣo ló kù: kí èsì rẹ̀ láti yunifásítì dé ọ̀dọ̀ wọn nínú àpòòwé tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí, ó pẹ́ tán, ọjọ́ Ẹtì. Bí kò bá dé, wọn á gba ẹlòmíràn.

Yunifásítì ìpínlẹ̀ wọn yẹn ńkọ́? Inú kíláàsì girama kan tó ń jò ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Gómìnà kan dé, ó fi orúkọ bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Òmíràn dé, ó yọ bàbá onítọ̀hún kúrò. Wọ́n kó o láti ìlú kan lọ sí èkejì, òjò sì pa fáìlì lójú ọ̀nà. Ó ti pẹ́ tí Ùsáínì ti ń wá èsì yìí: oṣù mẹ́rin ni Ramlat, àbúrò rẹ̀, fi jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì wọn kí wọ́n tó rí orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n lẹ èdìdì pupa mọ́ àpòòwé náà, ọ̀la rẹ̀ ni ìyanṣẹ́lódì bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ti gbogbo ọ́fíìsì pa.

Ìyá ìyàwó Ùsáínì, Alhaja Sìkírátù, tó ń bọ̀ wá wo ọmọ tuntun, ni wọ́n fi àpòòwé náà rán. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Làdíátù kìlọ̀ fún ìyá rẹ̀ lórí fóònù: "Mọ́mì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí i o."

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì gan-an ni Alhaja gúnlẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú. Ùsáínì ò lè mú un mọ́ra délé. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ níbẹ̀ ló ti béèrè. Alhaja fi ọwọ́ méjèèjì gbé àpòòwé náà fún un. Ó ń ta sánsán lọ́fínńdà. Èdìdì pupa ti fọ́ sí méjì.

"Mọ́mì, ta ló ṣí i?"

"Ṣebí nítorí ọ̀tá lẹ ṣe ní kí ẹnikẹ́ni má ṣí i? Àwọn alfa wa ní asalátù ló ṣí i. Wọ́n ka Yáásín lé e lórí nígbà mọ́kànlélógójì. Àgbò iléyá mi ni mo fi ṣe sàárà. Wọ́n ní ilẹ̀kùn tó bá ti ṣí fún ẹ, ẹnì kan ò ní lè tì í."

Ojú Ùsáínì ṣú. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń ti ọ́fíìsì ní Katy. Ibo ló ti fẹ́ rí òmíràn? Ó ń ṣe é bíi kó bú sẹ́kún.

"O ò ṣe àmín?" Alhaja bi í.

Ùsáínì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kọnkéré, kí ìyá má baà rí ojú rẹ̀.

"Àmín, Mọ́mì. Ẹ ṣé. Ẹ kú ìnáwó."