Iléṣà Kọ́ Ni Wọ́n Sin Ìyá Wa Sí

"Ṣé a ti kọjá?"

Abẹ́ ìborùn ni ohùn Màámi Àgbà ti ń jáde, nínú tákìsì tó kún fọ́fọ́. Wọ́n ti fi ìborùn náà bo ojú wọn pátápátá, wọ́n sì di ọwọ́ mi mú gírígírí. Mo yọjú lójú fèrèsé: ògiri itẹ́ òkú kò tíì tán, awakọ̀ sì tún wá lọ dúró ní róbọ́ọ̀tì, níbi iná pupa tó ń dá ọkọ̀ dúró.

"Ó kù díẹ̀, Màámi."

Gbogbo èrò ọkọ̀ ń wò wá. Ojú tì mí gan-an.

Aládùúgbò wa ni wọ́n ní Troyeville, nílùú Jóbọ̀ọ̀gì, wọn kì í ṣe ẹbí wa rárá. Nọ́ọ̀sì ni ìyá mi, iṣẹ́ kì í jẹ́ kó tètè wálé, nítorí náà ọ̀dọ̀ Màámi ni mo ti ń jẹun ọ̀sán. Súẹ́tà ni wọ́n ń hun tà. Tí mo bá ti ilé ìwé dé lásìkò òtútù, òórùn sítóòfù kẹrosíìnì àti ata díndín ni yóò kọ́kọ́ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́yìn náà ni màá gbọ́ abẹ́rẹ́ gígùn méjì tó ń gbá ara wọn, kẹ́ kẹ́ kẹ́.

"Wá, jẹ́ n wọn ẹ̀yìn rẹ. O tún ti ga! Ṣé ìwọ nìkan lo fẹ́ lo òwú ilé yìí tán ni?"

Mo fẹ́ràn wọn ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí kú sí ìlú yìí kí ìyá tèmi tó bí mi. Òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀, nítorí náà àwọn àgbà ìjọ ló lọ sin ín, wọn ò sì sọ ibẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Màámi fi ń bojú nígbà tí a bá fẹ́ kọjá itẹ́ òkú èyíkéyìí, kí wọ́n má baà ṣèèṣì rí i.

Cape Town ni mo ti ń kàwé nígbà tí wọ́n kú. Àwọn òbí mi ti kó lọ sí Sandton. Gbogbo ayé ní wọ́n ti gbé Màámi lọ sílé ní Iléṣà, ta ni yóò sì jiyàn? Àgbà Yorùbá wo la ń sin sí àjò? Ọdún tó kọjá ni mo gbé ọmọ mi lọ sí Iléṣà, kí n fi í hàn wọ́n lójú oórì wọn, kí n sì dúpẹ́. Ará ilé wọn kan wò mí títí.

"Ẹ̀yin tí ẹ ti Jóbọ̀ọ̀gì bọ̀ lẹ wá ń bi wá? Ọ̀dọ̀ yín lọ́hùn-ún náà ni wọ́n wà!"

Ara mi ò balẹ̀ mọ́. Bí mo ṣe padà dé ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe gbogbo ẹni tó mọ̀ wọ́n, títí mo fi dé ọ̀dọ̀ bàbá arúgbó kan ládùúgbò Bertrams. Bàbá yìí nìkan ló kù láyé nínú àwọn àgbà ìjọ tó sin ọmọ Màámi.

"Eish, ẹ̀yin ọmọ yìí!" Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló ní a gbé e lọ sílé? Nígbà tí àìsàn wọ̀ ọ́ lára, ó ránṣẹ́ pè mí. Ó ní, 'Mi ò bi yín léèrè rí, mi ò sì ní bi yín báyìí. Ṣùgbọ́n tí mo bá kú, ẹ̀gbẹ́ ọmọ mi ni kí ẹ tẹ́ mi sí.' Kí ni mo fẹ́ sọ? Àṣà ò kúkú de òkú. Bí a ṣe pa tọmọ mọ́ náà la ṣe pa tìyá mọ́."

Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde. Oorun wo ni mo fẹ́ sùn? Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bàbá mú wa lọ. Mo ń sáré láàárín ibojì bí ẹni tí wọ́n ní kó wá gba ẹ̀bùn, ọmọ mi ń sáré tẹ̀ lé mi, bàbá ń kígbe lẹ́yìn wa pé, "Ẹ rọra! Apá òsì ni!"

Òkúta kékeré méjì ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, orúkọ ìdílé kan náà ló wà lára wọn. Mo kúnlẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú mi.

"Mummy, is this your granny?"

"Ìyá mi ni. Kúnlẹ̀, kí wọn."

Ó kúnlẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, inú máa ń bí mi sí àṣà yẹn, ìkà ni mo kà á sí. Bóyá ìkà náà ni. Ṣùgbọ́n Màámi ò rú u lọ́jọ́ kan, wọn ò sì jẹ́ kó borí wọn. Tí ọ̀nà kan bá dí mọ́ mi nílùú yìí, àwọn ni mo máa ń rántí: wọ́n ní sùúrù títí ikú fi dé, wọ́n sì ní kí ikú sin àwọn dé ọ̀dọ̀ ọmọ àwọn.